Mo ti ka ìwé Roland Bainton méje: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kéré jù

Ọdún méje sẹ́yìn ni mo kọ́kọ́ bá ìwé Roland Bainton, òǹkọ̀wé ìtàn ìjọ, pàdé, níwájú ẹni tó ń ta ìwé àlòkù ní Dùgbẹ̀, n'Íbàdàn. Ìwé ìṣirò fún ọmọ ọmọ mi ni mo bá lọ síbẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tàwé náà mọ̀ mí dáadáa. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn ni mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu rẹ̀, ó sì mọ̀ pé mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi.

"Mà, ìwé Martin Luther kan nìyí o. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, àmọ́ inú rẹ̀ pé pérépéré."

"Ṣé ó dá ẹ lójú pé ó pé?"

"Ẹ ṣí i wò, mà. Ẹ jókòó, àga rè é."

Mo jókòó. Ojú ìwé kan péré ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, mo ti ka mẹ́sàn-án kí n tó mọ̀ pé oòrùn ti ká mi mọ́bẹ̀. ₦1,500 ni mo san, mo gbàgbé ìwé ìṣirò sórí tábìlì, ọmọ náà ló sáré gbé e tẹ̀lé mi.

Here I Stand ni orúkọ ìwé náà, Bainton ló kọ ọ́. Ìtàn ayé Luther ni, mọ́ǹkì ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ Àtúnṣe Ìjọ, èyí tó pín àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì níyà kúrò lára Ìjọ Àgùdà. Ọdún 1950 ló jáde, ó sì ti tà kọjá mílíọ̀nù kan ẹ̀dà. Èmi tí mo ti kọ́ ọmọ ní ìtàn Àtúnṣe Ìjọ ní girama fún ọdún gbọọrọ, mo rò pé mo ti mọ Luther tán. Ohun tí a máa ń kọ́ wọn kò ju òòlù, ìṣó, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Wittenberg tí wọ́n ní ó kan àwọn kókó àtakò rẹ̀ mọ́, àti ọdún 1517 lọ. Bainton kò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ojú ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́bàá abúlé kan tó ń jẹ́ Stotternheim, nínú oṣù keje ọdún 1505. Ọmọ ọdún 21 kan ń dá rìn. Ojú ọ̀run ṣú, mànàmáná kọ, ó gbé e lulẹ̀. Ọmọkùnrin náà figbe ta, ó ké pe Ánà Mímọ́ pé kó gba òun, pé òun á di mọ́ǹkì. Bàbá rẹ̀ ti náwó lé e lórí pé kó di lọ́yà. Èyí tó wà nínú gbólóhùn yẹn, ìyẹn ìbẹ̀rù ikú àti ìbẹ̀rù bàbá, òun ni Bainton fi gbé gbogbo ìwé náà ró.

Kì í ṣe pé ó fi ìtàn ńlá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé ìdáríjì tí wọ́n ń tà nígbà náà, ìyẹn ìwé tí wọ́n ní ó ń dín ìyà ẹ̀ṣẹ̀ alààyè àti òkú kù, mi ò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ tó báyìí rí. Ó tọpa owó náà. Albert fẹ́ di bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Mainz, ó ní láti sanwó gọbọi fún Róòmù, ó lọ yá owó lọ́wọ́ ìdílé Fugger tí wọ́n ń ṣe báǹkì. Póòpù wá gbà á láyè kó ta ìwé ìdáríjì ní agbègbè rẹ̀: ìdajì owó á lọ sọ́dọ̀ Fugger láti fi san gbèsè, ìdajì á lọ sí Róòmù fún kíkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́. Tetzel tó ń kiri ta ìwé náà kàn jẹ́ ọmọ iṣẹ́ ni. Obìnrin opó tó tú ìdí aṣọ rẹ̀ mú kọ́bọ̀ jáde nítorí ọkọ rẹ̀ tó ti kú, gbèsè ẹlòmíì ló ń san. Ọjọ́ tí mo ka ibẹ̀, inú bí mi fún ara mi, nítorí mo ti kọ́ ọmọ tó tó ẹgbẹ̀rún láìsọ ibi tí owó náà lọ.

Ohun kan wà tó jẹ́ kí n fọkàn tán òǹkọ̀wé yìí. Orúkọ ìwé rẹ̀ wá láti inú ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Luther, pé ibi tí òun dúró sí nìyí, òun kò lè ṣe ohun mìíràn. Ní ìlú Worms ni, oṣù kẹrin ọdún 1521, níwájú olú ọba Charles Karùn-ún, nígbà tí wọ́n ní kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Bainton fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún ọ nínú ìwé pé ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n kọ lójú ẹsẹ̀, pé ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ló fi kún un. Ó ní síbẹ̀ ó lè jẹ́ òótọ́, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ọkàn àwọn tó ń gbọ́ ti gbóná débi tí wọn kò fi lè kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ kan ṣe orúkọ ìwé rẹ̀, tó tún sọ fún ẹ pé ọ̀rọ̀ náà lè máà dúró, ẹni tó yẹ kéèyàn gbọ́ tirẹ̀ ni.

Àmọ́ orí ìwé tó mú mi jù ni èyí tó dá lórí ilé Luther. Ní oṣù kẹfà ọdún 1525, ó fẹ́ Katharina von Bora, sísítà tó sá kúrò nínú ilé àwọn sísítà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àsìkò Àjíǹde ọdún 1523, nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin oníṣòwò kan tó máa ń kó àgbá ẹja. Luther ti lé ní ogójì ọdún. Ó jẹ́wọ́ pé kí òun tó gbéyàwó, odindi ọdún kan ni ẹnikẹ́ni kò fi tẹ́ ibùsùn òun, tí òógùn ti mú un rà, tó sì jẹ́ pé àárẹ̀ ni òun fi ń ṣubú lé e lálẹ́. Ó tún sọ pé ohun púpọ̀ wà tó yẹ kí ojú mọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ ìgbéyàwó: èèyàn á jí láàárọ̀, á rí irun dídì méjì lórí ìrọ̀rí tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ka ibẹ̀ fún ọkọ mi, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Luther yìí kan náà ló sọ nípa ọkùnrin tó ń sá nápíkìn ọmọ rẹ̀ tí àwọn aládùúgbò ń fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín wọn, Ọlọ́run àti àwọn áńgẹ́lì ń rẹ́rìn-ín lókè ọ̀run. Ẹ wo ìgbà tó sọ ọ́! Ìjọ Àgùdà ìgbà náà gbà pé mọ́ǹkì àti sísítà ló sún mọ́ Ọlọ́run jù, pé ìpò kejì ni ti ẹni tó bímọ. Gbogbo àríyànjiyàn wọn lórí ìgbàgbọ́ àti iṣẹ́, Bainton jẹ́ kí n rí i lórí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ ọmọ sí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo ibi tí aṣọ bá wà nínú ìwé rẹ̀, mo sì ń rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ikú Magdalena, ọmọbìnrin Luther, ní ọdún 1542. Ọmọ ọdún 13 ni. Bàbá rẹ̀ bi í léèrè lórí ibùsùn bóyá ó wù ú kó dúró tì òun níbí tàbí kó lọ bá Bàbá rẹ̀ tó wà lọ́run. Ọmọ náà ní bí Ọlọ́run bá ṣe fẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sínú ilẹ̀, Luther sọ pé ohun ìyanu ni, kéèyàn mọ̀ pé ọmọ òun wà ní àlàáfíà, pé gbogbo rẹ̀ dára, kí inú èèyàn sì tún bàjẹ́ tó báyìí. Bainton kò fi ọ̀rọ̀ kankan lé e. Ó kàn gbé e kalẹ̀ ni. Èmi náà ti sin ọmọ rí. Mo pa ìwé náà dé, ó sì tó ọjọ́ mélòó kan kí n tó tún ṣí i.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti alápatà. Luther ti túmọ̀ Májẹ̀mú Tuntun sí èdè Jámánì, ó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1522, odindi Bíbélì sì jáde ní 1534. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ ẹbọ nínú Májẹ̀mú Láéláé, kò mọ orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú àgùntàn ní èdè ìyá rẹ̀. Ó bá ní kí alápatà la àgùntàn fún òun, kó máa pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbé ìbéèrè náà lọ bá ìyá tó ń ta inú ẹran fún mi ní Bódìjà. Ó pè é fún mi bí ẹni ń kéwì: ẹ̀dọ̀, fùkù, ṣàkì, àbọ̀dí, kíndìnrín. Àwọn ọ̀rọ̀ kan jáde lẹ́nu rẹ̀ tí èmi tí mo kàwé kò gbọ́ rí. Ẹni tó bá ń túmọ̀ ohunkóhun sí Yorùbá, kó ka orí ìwé yẹn.

Ìwé náà ní àléébù, kò sì kéré. Ní ọdún 1543, Luther kọ ìwé burúkú kan sí àwọn Júù, ó ní kí wọ́n dáná sun sínágọ́gù wọn, kí wọ́n wó ilé wọn. Bainton sọ pé ì bá wu èèyàn kí Luther ti kú kó tó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àmọ́ kò pẹ́ níbẹ̀ rárá. Ó yára fi kún un pé ti ẹ̀sìn ni, kì í ṣe ti ẹ̀yà, ó sì kọjá lọ. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn tí ogun Hitler parí ni ìwé yìí jáde. Ẹni tó lè fi gbogbo sùúrù tọpa owó láti ọwọ́ opó dé ọ̀dọ̀ Fugger, ó yẹ kó fi irú sùúrù kan náà jókòó ti ọ̀rọ̀ yẹn. Bákan náà, ọdún mẹ́rìndínlógún tí Luther lò kẹ́yìn láyé, ó kó o pọ̀ sí ìparí ìwé bí ẹni tó ń kó ẹrù nígbà tí mọ́tò ti fẹ́ gbéra. Ti ogun àwọn àgbẹ̀ ọdún 1525, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Jámánì ṣọ̀tẹ̀ sí àwọn aláṣẹ wọn, ó gbìyànjú níbẹ̀ ju ti àwọn Júù lọ, kò sì bo ọ̀rọ̀ líle tí Luther kọ sí wọn mọ́lẹ̀. Àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé bí Luther bá ti ṣe ohun tó burú, ìwé náà máa ń yára. Ìfẹ́ ló fà á. Ẹni tó ń kà á gbọ́dọ̀ mọ̀.

Láti ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé rẹ̀ yòókù kiri. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí Bainton, ní Ilkeston, ọdún 1894. Amẹ́ríkà ló dàgbà sí, ó sì kọ́ni ní ìtàn ìjọ ní Yunifásítì Yale láti 1920 títí di 1962. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, kò gbà láti gbé ìbọn, ó bá ẹgbẹ́ àwọn Quaker, àwọn onígbàgbọ́ tí kì í jagun, lọ sí Faransé láti ṣèrànwọ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ó máa wúlò láìpẹ́.

Èyí tó kéré jù nínú wọn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ kà: The Martin Luther Christmas Book, ọdún 1948. Kò tó ọgọ́rùn-ún ojú ìwé. Bainton ṣa ìwàásù Kérésìmesì Luther jọ, ó túmọ̀ wọn, ó to àwọn àwòrán ayé ìgbà náà sí i, irú èyí tí wọ́n máa ń gbẹ́ sára pákó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lèèyàn fi ń kà á tán.

Nínú rẹ̀ ni Luther ti ń bínú sí àwọn ará Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ó ní ọmọbìnrin kékeré kan tó lóyún àkọ́bí rọbí ní ilé ẹran lóru, kò sí ẹni tó bu omi gbígbóná wá, kò sí ẹni tó gbé aṣọ wá. Ó wá yíjú sí àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ yín ló ń rò ó nínú ọkàn pé, ká ní mo wà níbẹ̀ ni, ǹ bá ti sáré ràn án lọ́wọ́, ǹ bá ti fọ aṣọ ọmọ náà! Ó ní ẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹ ti mọ bí Kristi ṣe tóbi tó báyìí ni. Bí ẹ bá wà níbẹ̀ nígbà náà, ẹ ò ní sàn ju àwọn ará Bẹ́tílẹ́hẹ́mù lọ. Kí ló dé tí ẹ ò ṣe é nísinsìnyí? Kristi wà nínú aládùúgbò yín.

Ẹ rí i pé aṣọ ọmọ tún dé.

Ní oṣù Kejìlá ọdún tí mo kọ́kọ́ kà á, mo yí ojú ìwé méjì nínú rẹ̀ sí Yorùbá, mo kà á fún kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mọ́kànlá. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. "Mà, ta ló wá gbẹ̀bí Màríà?" Mo ní Bíbélì kò sọ fún wa. Ó ní, "Ṣé Jósẹ́fù ni?" Ọmọkùnrin kan ní ọkùnrin kì í gbẹ̀bí. Ọmọbìnrin náà ní bàbá òun ló gbẹ̀bí àbúrò òun nínú mọ́tò ní ọ̀nà Ìwó. Ariwo sọ. Ogójì ọdún ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìtàn ìbí Jésù, kò sí ọmọ tó bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, nítorí pé kò sí èyí tí mo fi hàn pé ibi ìrọbí ni ibẹ̀. Áńgẹ́lì àti ìràwọ̀ la máa ń fi hàn wọ́n. Láti ìgbà náà, ọdọọdún là ń kà á, a sì ń kó aṣọ ọmọ jọ lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí wa, fún àwọn ìyá tí kò ní.

Hunted Heretic le lọ́kàn. Ìtàn ayé Michael Servetus ni, ó jáde ní 1953, nígbà tó pé irínwó ọdún géérégé tí wọ́n dáná sun ún. Ará Sípéènì ni Servetus, dókítà ni. Ó kọ̀wé pé kì í ṣe bí ìjọ ṣe ń ṣàlàyé Mẹ́talọ́kan ló wà nínú Bíbélì. Ó yí orúkọ padà, ó sì ń ṣiṣẹ́ ìṣègùn ní Vienne ní ilẹ̀ Faransé. Inú ìwé ẹ̀sìn tó tẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ ní 1553 ló ti ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá kó tó padà sínú ọkàn. Ẹ̀dà mẹ́ta péré ìwé náà ló kù láyé. Àwọn Àgùdà mú un, ó fo ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n sá. Geneva ló wá gbà kọjá, ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí wọ́n pe ara wọn ní alátùn-únṣe. Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹjọ ni wọ́n mú un níbẹ̀, lẹ́yìn ìsìn.

Nínú ìwé yìí, Bainton fi lẹ́tà kan síwájú wa tí Servetus kọ láti inú ẹ̀wọ̀n sí ìgbìmọ̀ ìlú. Kò bá wọn jiyàn Mẹ́talọ́kan níbẹ̀. Ó ní iná orí ń jẹ òun láàyè, ṣòkòtò òun ti ya, òun kò ní òmíràn tí òun lè pààrọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló kù, kò sì dáa. Mo kà á nígbà mẹ́ta. Kò sí ohun tí ìwé ẹ̀kọ́ ìsìn kankan ti sọ fún mi nípa Servetus tó wọ̀ mí lára tó ṣẹ́ẹ̀tì yẹn.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1553 ni wọ́n sun ún. Calvin, olórí àwọn alátùn-únṣe ní Geneva, bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí dípò iná, wọn kò gbà. Ọ̀rọ̀ tí Servetus fi ké nínú iná ni pé kí Jésù, Ọmọ Ọlọ́run ayérayé, ṣàánú òun. Àwọn tó dúró níbẹ̀ mọ̀ ohun tó ń sọ. Ọlọ́run ló pè ní ẹni ayérayé, kò pe Ọmọ bẹ́ẹ̀. Ká ní ó sún ọ̀rọ̀ kan péré síwájú, kó pe Jésù ní Ọmọ ayérayé ti Ọlọ́run, wọn ì bá ti dá a sí. Mo sọ ìtàn yìí ní kíláàsì àwọn àgbà, bàbá díákónì wa kan sì dá mi dúró. "Tíṣà, ẹ tún un sọ ní Yorùbá." Mo tún un sọ: Jésù, Ọmọ Ọlọ́run ayérayé. Bàbá ní, "Èwo nínú wọn ni ayérayé wá ń tọ́ka sí?" Gbogbo wa dákẹ́. Ní èdè tiwa, etí kò lè yà á. Ẹ gbọ́, ohun tí wọ́n torí rẹ̀ sun èèyàn ní Geneva, bó bá jẹ́ Yorùbá ló fi gbàdúrà ni, kò sí ẹni tí ì bá mọ̀ pé ó ṣẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti rí Bainton, ọmọkùnrin tó kọ̀ láti gbé ìbọn nígbà ogun. Kò gbà pẹ̀lú Servetus, kò sì fi ṣe ẹni mímọ́, nítorí ó jẹ́ kí a rí i pé agídí rẹ̀ pọ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀ títí iná fi kú. Bainton yìí kan náà ló túmọ̀ ìwé Castellio sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1935, Castellio tó kọ̀wé lòdì sí Calvin lórí ọ̀rọ̀ yìí, tó ní pípa èèyàn kì í ṣe gbígbèjà ẹ̀kọ́, pípa èèyàn ni.

Women of the Reformation, apá mẹ́ta ni. Ó ti fẹ̀yìn tì kó tó kọ wọ́n: apá kìíní tó dá lórí Jámánì àti Ítálì jáde ní 1971, ti Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1973, ti ìkẹta ní 1977. Apá kìíní nìkan ni mo ní, ó sì dùn mí, nítorí ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ni mo ti rà á, wọ́n sì fi èyí tí ojú ìwé mẹ́rìndínlógún ti já kúrò nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo kọ lẹ́tà, wọ́n ní kò ṣeé dá padà. Àárín ìtàn obìnrin kan ló já, mi ò sì tíì mọ bó ṣe parí.

Èyí tó kù níbẹ̀ tó mi. Katharine Zell ní Strasbourg, ìyàwó pásítọ̀. Ní 1524, wọ́n lé àádọ́jọ (150) ọkùnrin kúrò ní ìlú Kenzingen nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Ọgọ́rin nínú wọn ni Katharine gbà sílé lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀yin ìyàwó pásítọ̀, ẹ fojú inú wo ìkòkò! Olympia Morata ńkọ́, ọmọ Ítálì tó mọ Gíríìkì bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, tó bá ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ dókítà lọ sí Jámánì. Ogun wọ ìlú tí wọ́n ń gbé, Schweinfurt, ní 1554, wọ́n sá jáde. Ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé láìwọ bàtà ni òun dé ìlú kejì, irun òun dà rú, aṣọ òun ya, àní aṣọ náà kì í tilẹ̀ ṣe tòun, obìnrin kan ló yá òun. Kò pé ọgbọ̀n ọdún tó fi kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àléébù ìwé náà ni pé obìnrin kan kì í jókòó pẹ́ kí òmíràn tó wọlé. Bí o bá ti ń fẹ́ mọ̀ ọ́n, ó ti lọ.

Erasmus of Christendom ti 1969, ìtàn ayé ọ̀mọ̀wé kan ní ìgbà Luther, mo kà á nítorí pé Bainton ló kọ ọ́. Ó kún fún ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì mọ ìgbà náà dunjú á sùn lé e lórí. Ẹ fi í sí ìkẹyìn. Èyí tó kọ ní 1960 lórí ojú tí ìjọ fi ń wo ogun láti ìgbà àwọn àpọ́sítélì, ó wúlò fún ẹni tó bá ń kọ́ni. Ó pín in sí mẹ́ta, àwọn tí kò jà rárá, àwọn tí wọ́n ní ogun kan tọ́, àti àwọn tí wọ́n fi Ọlọ́run jagun. Mo ti lò ó nígbà méjì ní kíláàsì àwọn ọ̀dọ́.

Pilgrim Parson ló kù, 1958. Ìtàn ayé bàbá rẹ̀ ni, James Herbert Bainton, tó jẹ́ pásítọ̀. Kò sí olú ọba níbẹ̀, kò sí Póòpù. Bàbá kan ló kó ìyàwó àti ọmọ kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Vancouver ní Kánádà ní 1898, nígbà tí Roland jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ó sì tún kó wọn lọ sí Colfax, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ìtàn ìjọ lè kà á. Ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ pásítọ̀ gbọ́dọ̀ kà á.

Pásítọ̀ ni bàbá tèmi náà. Ìlú mẹ́fà la gbé kí n tó parí ìwé mẹ́wàá. Ìgbà gbogbo ni lẹ́tà ìjọ máa ń dé, ìyá mi á kó abọ́ sínú agbọ̀n, á fi aṣọ ìró rẹ̀ dì wọ́n láàárín kí wọ́n má baà fọ́. Nígbà tí mo dàgbà, mo bínú sí bàbá mi nítorí gbogbo ọ̀rẹ́ tí mo fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó sọ fún mi rí pé irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ tó ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá lè fi ọwọ́ kan náà tó fi kọ Luther kọ. Bainton kò gbé bàbá rẹ̀ ga jù. Ó fi sùúrù tó fi wo Servetus wo òun náà. Mo lọ bá àbúrò ìyá mi ní Ọ̀yọ́, ẹni ọdún 84, mo ní kó ka orúkọ àwọn ìlú tí a gbé fún mi ní tẹ̀léńtẹ̀lé. Ó ka mẹ́jọ. Méjì wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀, wọn kò tíì bí mi.

Fún ẹni tó bá fẹ́ rà: Here I Stand wọ́pọ̀, ẹ má san ju ₦4,000 lọ fún àlòkù, kí ẹ sì rí i pé àwòrán inú rẹ̀ hàn dáadáa, nítorí àwọn ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú kan wà tí dúdú ti bo gbogbo rẹ̀. Ìwé Kérésìmesì, ẹ wá a kó tó di oṣù kẹwàá. Èyí tó dá lórí àwọn obìnrin, ẹ ka ojú ìwé rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Pilgrim Parson ṣòro rí gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ló bá mi rà á, ọkùnrin tó ń kó ẹrù bọ̀ nílé ló fi rán. Servetus tèmi ti ń tú láti ẹ̀yìn, mo ti lẹ̀ ẹ́ nígbà méjì. Díákónì tó béèrè ọ̀rọ̀ ayérayé ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ó sì ti sọ fún mi pé kí n má tíì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ òun.